Ẹ̀yìnlàárò

Kì í ṣe ajá tó lẹ́wà.
Etí kan funfun, ìyókù ara bí erùpẹ̀ ọ̀nà Òkèmẹ̀sí,
ìrù gé láàbọ̀. Ilẹ̀kùn ló gé e, kì í ṣe ogun.
Iṣu mẹ́fà ni Fámúyìwá fi rà á,
ó ní wọ́n rẹ́ òun jẹ.
Ó sọ ọ́ ní Ẹ̀yìnlàárò
nítorí aládùúgbò kan tí wọ́n jọ ń jà sí ààlà ilẹ̀:
bó bá ti ń pe ajá, ọ̀tá á máa gbọ́.

Ọmọ ọdún méje ni mí.
Oṣù kẹjọ ni, lábà wa lẹ́yìn òkè Ẹ̀fọ̀n,
abẹ́ kòkó ni mo ti ń ṣa ìgbín
tí paramọ́lẹ̀ fi bù mí jẹ lọ́rùn ẹsẹ̀.
Nọ́ọ̀sì Ẹ̀bùnolú wà lọ́dọ̀ wa, ó ní abẹ́rẹ́,
kò ní oògùn.
Oògùn wà nínú ìlú, òjò sì ti gbé afárá lọ láti ìjẹta.
Òkè nìkan ló kù.
Ẹ̀gbọ́n mi ló sáré gbà á lọ, ó jíṣẹ́ tán, ó ṣubú lulẹ̀.
Fámúyìwá, ońṣẹ́ ilé ìwòsàn, fi bàtà kọ́ ọrùn,
ó mú tọ́ọ̀ṣì tí bátìrì rẹ̀ ti ń kú lọ,
ó súfèé sí ajá rẹ̀.

Ìkùukùu òkè Ẹ̀fọ̀n,
ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ni yóò pè é ní èéfín.
Èèyàn á na ọwọ́, kò ní rí ọwọ́.
Níbi àpáta tí à ń pè ní Ẹ̀yìn Erin, ẹsẹ̀ yọ̀,
egungun dá. Ó ní òun gbọ́ ọ bí ẹni ṣẹ́ igi ìdáná.
Ó bọ́ fìlà, ó fi di ìgò oògùn,
ó fi okùn bàtà so ó mọ́ ajá lọ́rùn.
“Ẹ̀yìnlàárò, máa lọ ulé.”
Kò sọ ilé ta ni.
Ajá ló mọ ilé tó ti ń jẹ egungun ẹja.

Ẹni tó ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ
kò ro ti ajá tí kò gbọ́ fèrè kankan,
òkùnkùn níwájú, olówó rẹ̀ ń kérora lẹ́yìn,
tó sì ń lọ.

Ìyá àgbà gbọ́ ohun tó ń ha ilẹ̀kùn.
Ó ní ikú ti dé. Ó ju ògùṣọ̀ iná lù ú.
Ajá ké kàì, kò sá.
Ó tún ha ilẹ̀kùn.

Èyí tó kù, wọ́n sọ fún mi ni.
Wọ́n ní kò mu omi. Bí wọ́n ṣe tú fìlà báyìí,
ó ti kọjú sí òkè, ó ń wẹ̀yìn wo àwọn ọkùnrin
bí ẹni ń sọ pé: ṣé ẹ ò tíì ṣetán ni?
Ilẹ̀ ti mọ́ kí wọ́n tó gbé Fámúyìwá sọ̀kalẹ̀
lórí ilẹ̀kùn ilé wa,
ilẹ̀kùn tí ajá ha náà.

Ọdún mẹ́jọ ló tún lò.
Eyín ká, ojú fọ́; inú eérú àdògán ló ń sùn,
ó ń ju ẹsẹ̀ lójú oorun bí ẹni ń gòkè.
Ọkùnrin kan tó ń ra ajá kiri wá, ó ń ka owó sílẹ̀.
Fámúyìwá fi ọ̀pá tó fi ń tiro lé e dé títì.

Nígbà tó kú, wọ́n ní a kì í fi aṣọ sin ajá.
Fámúyìwá ní fìlà ni, fìlà kì í ṣe aṣọ.
A sin wọ́n pọ̀ sábẹ́ orógbó.

Afárá tuntun ti wà báyìí,
wọ́n kọ orúkọ alága kan sí i lára.
Bí ìkùukùu bá sọ̀ lóru, àpá ẹsẹ̀ mi a máa yún mi.
Mo máa ń dìde lọ ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀.
Ọkọ mi á ní, Abọ́sẹ̀dé, òtútù ń wọlé.
Mo ní kó wọlé.